Kílò 8, kílò 13, cubic feet 4.5: èwo ló tóbi jù nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ?

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìdílé kan ní Sùúrùlérè ń wá ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Houston ní òun máa fi tòun ránṣẹ́ sílé, wọ́n sì kọ "4.5 cu. ft." sí i lára. Àbúrò bàbá wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé ní kò sóhun tó dà bíi tòkúnbọ̀ ìlú ọba. Kílò 8 ló wà lójú èyí tó kó bọ̀. Ẹni tó ń tajà ní Alábà ní tirẹ̀ ń nàka sí tuntun kan tó ń ṣílẹ̀kùn lókè, ó ní, "Màmá, kílò 13 rèé o. Gbogbo aṣọ ilé yín ló máa gbà lẹ́ẹ̀kan."

Tí a bá fi nọ́ńbà nìkan ṣe é, ti Houston ló kéré jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, dúrọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti London lọ. Ti Alábà sì ńkọ́? A ò lè tíì sọ, nítorí kílò 13 yẹn kò sọ bí dúrọ́ọ̀mù ṣe tóbi tó rárá.

Nǹkan méjì tí kò jọra ni wọ́n ń wọ̀n, ibẹ̀ ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra oúnjẹ ní Mile 12 rí mọ̀ pé kóńgò yàtọ̀ sí kílò. Àyè inú abọ́ ni kóńgò ń wọ̀n. Ìwúwo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kílò ń wọ̀n. Ẹ bu ìrẹsì kún kóńgò kan, ẹ bu gaàrí kún irú rẹ̀, ìrẹsì ló máa wúwo jù, bẹ́ẹ̀ abọ́ kò yàtọ̀. Amẹ́ríkà ń wọn ẹ̀rọ ìfọṣọ bí ẹni ń wọn kóńgò. Yúróòpù, Japan, Kòríà, Íńdíà àti Ọsirélíà ń lo kílò. Ní Èkó, ọjà gbogbo wọn ló ń bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa, torí náà ní Balógun àti Alábà, ẹ lè rí òṣùwọ̀n orílẹ̀-èdè mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo.

Ti Amẹ́ríkà ló rọrùn jù láti yé èèyàn. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára iná, Department of Energy, ló ṣe ìlànà rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ náílọ́ọ̀nù sínú dúrọ́ọ̀mù kí omi má baà gba àwọn ihò ara rẹ̀ jò, wọ́n á wọn ẹ̀rọ náà lófìfo, wọ́n á bu omi kún dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì ni ìwúwo omi tó wọlé, òun ni wọ́n á ṣírò di àyè. Tó bá jẹ́ èyí tó ń ṣílẹ̀kùn níwájú, tí a ń pè ní front loader, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè kọjú sókè. Tó bá sì jẹ́ top loader tó ní òpó láàárín, omi kò lè dúró síbi tí òpó wà, torí náà wọn kì í ka àyè tí òpó yẹn gbà mọ́ ọn.

Cubic feet kan ni àpótí tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Lítà 28.3 ló ń gbà. Ẹ sọ 4.5 di lítà, ẹ ó rí 127. Dúrọ́ọ̀mù gidi nìyẹn, ẹ lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ lè fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ohun tí kò sọ fún yín ni iye aṣọ tó yẹ kẹ́ ẹ kó sínú rẹ̀.

(Ẹ má rò pé cubic feet náà kò ní wàhálà tirẹ̀. Ní Kánádà, ẹ lè rí ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 5.2 cu. ft. sí, tí wọ́n tún fi lẹ́tà kéékèèké kọ "IEC" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọjá bọ́dà sí Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ náà gan-an ti di 4.5. Ìlànà IEC, ti àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìlànà fún ohun èlò iná, máa ń jẹ́ kí nọ́ńbà fi bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ìjọba Amẹ́ríkà lọ. Ẹni tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti Toronto, kó ní kí wọ́n wo lẹ́tà kéékèèké yẹn dáadáa.)

Ti kílò ló gba sùúrù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì tàbí Ítálì bá kọ kílò 8 sára ẹ̀rọ, kì í ṣe pé wọ́n wọn nǹkan kan nínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n sì rí 8. Ìlérí ni. Wọ́n ń sọ pé: ẹ kó kílò 8 aṣọ òwú gbígbẹ síbí, ẹ tẹ ètò ìfọṣọ kan báyìí, ó máa mọ́ dé ìwọ̀n tí òfin béèrè. Aṣọ tí wọ́n fi ń dán an wò wà nínú ìwé ìlànà IEC tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 60456: aṣọ ìbùsùn, aṣọ ìrọ̀rí àti táwẹ́ẹ̀lì, òwú ni gbogbo wọn. Ẹ ò ní rí jíìnsì níbẹ̀, ẹ ò ní rí dúfẹ́ẹ̀tì, ká má tíì wá sọ agbádá. Aṣọ pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọ́n ṣeé ká, wọ́n ṣeé tò, wọ́n máa ń rọra fún ara wọn láyè.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2021, ètò ìfọṣọ tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò yìí nínú Ìparapọ̀ Yúróòpù ni èyí tí wọ́n ń pè ní "eco 40-60". Wọ́n máa ń kó aṣọ kún un dé iye tí ilé iṣẹ́ kéde, wọ́n á tún ṣe é pẹ̀lú ìdajì, wọ́n á tún ṣe é pẹ̀lú ìdá mẹ́rin. Tẹ́lẹ̀, ìfọ̀ méje ni ìdánwò náà, mẹ́ta péré nínú rẹ̀ ló kún, ìdajì ẹrù ni mẹ́rin yòókù. Ìjọba kì í yan nọ́ńbà kílò fún ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ìdánwò á wá wò ó bóyá ẹ̀rọ náà lè gbé ohun tí wọ́n sọ.

Ibi tó kan ará Èkó jù nìyí. Ètò eco 40-60 tó bá kún lè gbà ju wákàtí 3 lọ, torí omi tí kò gbóná púpọ̀ àti àkókò gígùn ló fi ń dín iná kù. Ta ni iná ń bẹ nílé rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta gbáko láìṣẹ́jú, lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí lórí NEPA? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ ni ètò kúkúrú, oníṣẹ́jú 15 tàbí 30. Ẹ wo ìwé ìtọ́sọ́nà tó bá ẹ̀rọ wá: lórí ẹ̀rọ kílò 8, ètò kúkúrú yẹn sábà máa ń jẹ́ fún kílò 2 tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ irun àgùntàn náà ò ju bíi kílò 2 lọ. Polyester àti irú rẹ̀ ò ju bí ìdajì lọ, kílò 3 tàbí 4. Kílò 8 tó wà níwájú ẹ̀rọ, ti ètò aṣọ òwú nìkan ni. Ẹni tó ń kó kílò 8 sínú ètò oníṣẹ́jú 15, tó wá ń bínú pé aṣọ jáde pẹ̀lú ọṣẹ funfun lára, kò sẹ́ni tó ṣèlérí yẹn fún un.

Kí ló dé tí kílò fi ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún nígbà tí àpótí ẹ̀rọ náà kò fẹ̀ sí i? Front loader Yúróòpù ṣì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú títí di òní, nítorí ìwọ̀n kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wọn nìyẹn. Nígbà tí kílò 5 jẹ́ ohun tó wọ́pọ̀, dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń gba bíi lítà 45, ìyẹn lítà 9 fún kílò kan. Ti òde òní tí wọ́n ń pè ní kílò 8, dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi lítà 58 sí 60, ìyẹn bíi lítà 7 ààbọ̀ fún kílò kan. Ti kílò 9 tún há jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dúrọ́ọ̀mù dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kílò sáré jù ú lọ. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ẹ̀rọ náà yege nínú ìdánwò. Àmọ́ nọ́ńbà ńlá a máa ta ọjà, àwọn tó ń tajà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Japan náà ń lo kílò, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n fi ń dánwò níbẹ̀ ní ṣẹ́ẹ̀tì àti áńkáṣíìfù nínú pẹ̀lú aṣọ ìbùsùn àti táwẹ́ẹ̀lì. Wọ́n tún ní ìṣirò kan tí mo fẹ́ràn: wọ́n ka kílò kan ààbọ̀ fún ẹnì kan lóòjọ́, wọ́n á wá fi iye ènìyàn tó wà nílé sọ ọ́ di púpọ̀. Àwọn ẹ̀rọ wọn tó ń fọ̀ tó sì tún ń gbẹ aṣọ máa ń ní nọ́ńbà méjì, bíi 11 fún fífọ̀ àti 6 fún gbígbẹ, nítorí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ gbẹ nílò àyè púpọ̀ láti fò sókè sódò. Kòríà ń ṣe front loader ńlá tí wọ́n ń kọ kílò 21, 24, 25 sí, torí wọ́n ń fọ aṣọ ìbora nípọn níbẹ̀. Ọsirélíà àti New Zealand ní ìlànà àjọni tiwọn, AS/NZS 2040. Kílò ni tiwọn náà. Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó burú ni kí èèyàn fi kílò ilẹ̀ kan wé kílò ilẹ̀ mìíràn bí ẹni pé orí òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n ti jáde.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pín ẹjọ́ Sùúrùlérè. Ti London jẹ́ nǹkan bíi lítà 60. Ti Houston jẹ́ 127. Tí a bá há aṣọ mọ́ ti Houston bí Yúróòpù ṣe ń há a, lítà 7 ààbọ̀ fún kílò kan, ẹ̀rọ náà á di nǹkan bíi kílò 17. Ará Amẹ́ríkà kò ní kó aṣọ tó bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀ o, ìlànà wọn kò tilẹ̀ retí pé kó ṣe é. Ṣùgbọ́n kí inú ẹnikẹ́ni má tíì dùn jù: fóltì 120 àti hertz 60 (ìyẹn bí iná ṣe ń yára yí síwá sẹ́yìn tó) ni ti Amẹ́ríkà, fóltì 230 àti hertz 50 la ní níbí. Stepdown lè bá wa yanjú fóltì, kò lè yí hertz padà. Ìbú rẹ̀ náà jẹ́ íńṣì 27, sẹ̀ǹtímítà 68 ó lé. Ẹ wọn ilẹ̀kùn báfùrúùmù kí ẹ tó sanwó ọkọ̀.

Ti Alábà, kílò 13 tó jẹ́ top loader, ni ó gba ìṣọ́ra jù. Front loader máa ń gbé aṣọ lọ sókè, á jẹ́ kó já bọ́. Ìjábọ́ yẹn ló ń fọ̀ ọ́, kódà tí aṣọ bá pọ̀ díẹ̀. Top loader tó ní abẹ́ pẹlẹbẹ tó ń yí nísàlẹ̀ nílò kí aṣọ lè wẹ̀ nínú omi kó sì máa yí ká. Tí aṣọ bá há, èyí tó wà lókè kò ní kan ìsàlẹ̀ títí tó fi parí, ìdọ̀tí ọrùn á sì wà bó ṣe wà. Nítorí náà, fún kílò aṣọ kan, top loader nílò àyè ju front loader lọ. Kílò 13 ti top loader kò túmọ̀ sí pé ó fi kílò márùn-ún ju kílò 8 ti front loader lọ. Kí màmá ìdílé náà béèrè lítà. Bí ẹni tó ń tajà kò bá mọ̀ ọ́n, kó béèrè nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì, kó wò ó lórí fóònù kó tó ná iye.

Twin tub ń kọ́? Òun ló kún ilé àwọn tó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ káàkiri Mọ́ṣín àti Agége, mi ò sì bá wọn jà. Ẹ lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bu omi sí i, ẹ lè dá a dúró nígbàkígbà tí iná bá lọ. Àmọ́ ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa: méjì ni. Kílò 7 tó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ níwájú, ti ihò tó ń fọ̀ ni. Ihò kejì tó ń fún omi kúrò lára aṣọ kéré gan-an sí i, ó lè jẹ́ 4 tàbí 5. Ohun tí ẹ bá fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ máa fún un. Àwọn tó ń há gbogbo rẹ̀ mọ́ ihò kékeré yẹn, ariwo tó ń ké lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ń jẹ́rìí sí wọn.

Gbogbo kílò tí mo ń dárúkọ yìí, ti aṣọ gbígbẹ ni, kí omi tó kàn án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò wọn aṣọ rí láyé wọn, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà náà kò fi túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ kó aṣọ sínú Ghana-must-go, ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń wọn ẹrù gbé e kọ́. Tí kò bá sí, ẹ gbé e dání gun òṣùwọ̀n ara, kẹ́ ẹ yọ ìwúwo tiyín kúrò. Jíìnsì àgbàlagbà kan tó nǹkan bíi kílò 0.7. Táwẹ́ẹ̀lì ìwẹ̀ ńlá tó bíi 0.6. Aṣọ ìbùsùn ẹlẹ́ni méjì náà tó bíi 0.6. Ṣẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ bíi 0.25. Jíìnsì 4, táwẹ́ẹ̀lì 4, aṣọ ìbùsùn 2 àti ṣẹ́ẹ̀tì 6, kílò 7.9 nìyẹn, ẹ̀rọ London ti kún. Agbádá gínì pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ lè kọjá kílò kan fún ènìyàn kan ṣoṣo, dúfẹ́ẹ̀tì sì lè tó 2 tàbí 3, pẹ̀lú pé ó máa gba àyè ju ìwúwo rẹ̀ lọ. (Aṣọ òkè kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹni tó bá ju aṣọ òkè sínú ẹ̀rọ, kó má pè mí.)

Kíkó jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí nìkan. Nígbà tí dúrọ́ọ̀mù bá ń sáré láti fún omi, ìwúwo aṣọ tó ti mumi ń wọ́ béárìn àti irin tó gbé dúrọ́ọ̀mù dúró. Àwọn yẹn ló sì wọ́n jù láti tún ṣe, ní ti front loader pàápàá. Kíkó kéré jù náà ní tirẹ̀: ohun ńlá kan ṣoṣo, bíi dúfẹ́ẹ̀tì, lè wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ̀rọ máa fò káàkiri ilẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí àwọn tó ń fi ìfọṣọ jẹun ń kà, ẹ wo ẹ̀rọ ńlá tí àwọn ilé ìfọṣọ ní Yábàá tàbí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ń lò. Òṣùwọ̀n tó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ni lítà 10 fún kílò aṣọ gbígbẹ kan. Àwọn tó bá ti Amẹ́ríkà wá nínú wọn máa ń fi páùn kọ ọ́. Ẹ pín in sí 2.2, ẹ ó rí kílò, tí páùn 40 á fi jẹ́ 18. Lítà 10 yìí ni èmi máa fi ń ṣe gbogbo ìṣirò fún ilé ní Èkó, nítorí òógùn, eruku àti ètò kúkúrú. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rọ London tí wọ́n pè ní 8 á jẹ́ kílò 6 lọ́wọ́ wa, ti Houston á sì jẹ́ 12 tàbí 13.

Ibi tí ẹ ti máa rí lítà rẹ̀ ni ìwé ìtọ́sọ́nà. Lórí tòkúnbọ̀ tó jáde lẹ́yìn 2021, tí lébẹ́ẹ̀lì Ìparapọ̀ Yúróòpù bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ fi fóònù ya QR tó wà lókè rẹ̀, ó máa gbé yín lọ síbi tí wọ́n kọ ìsọfúnni nípa módẹ́ẹ̀lì náà sí. Tí kò bá sí ìwé, tí kò sí lébẹ́ẹ̀lì, ẹ mú téèpù dání lọ ọjà. Ẹ wọn ìbú dúrọ́ọ̀mù láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ wọn jíjìn rẹ̀ láti ẹnu dé ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ pín ìbú sí méjì, ẹ fi ìdajì yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi jíjìn sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá pín in sí 1,000. Ìbú 48 pẹ̀lú jíjìn 32 máa fún yín ní nǹkan bíi lítà 58. Ẹ lè yọ lítà kan tàbí méjì fún àwọn irin tó yọrí jáde nínú rẹ̀ tó ń gbé aṣọ sókè.